Bí Iṣẹ́ Ìpamọ́ Àkọsílẹ̀ Ṣe Di Iṣẹ́ Tí À Ń Kọ́ ní Nàìjíríà

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ìpamọ́ ìwé ìjọba kì í ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ń kọ́ ní Nàìjíríà. Akọ̀wé ló ń to fáìlì. Bí fáìlì bá pọ̀ jù, ibi tí àyè bá wà ni wọ́n ń kó o sí, ikán àti ọ̀rinrin a sì ṣe èyí tó kù. Láti 1951 ni Kenneth Onwuka Dike, onímọ̀ ìtàn ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, ti ń yẹ àwọn ìwé wọ̀nyí wò láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ ló bí Ọ́fíìsì Àkọsílẹ̀ ti 1954, tí òfin 1957 sọ di Ilé Ìpamọ́ Àkọsílẹ̀ Orílẹ̀-èdè. Ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni ilé náà wà, ó sì ní ẹ̀ka ní Enugu àti Kaduna.

Ìdí iṣẹ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà náà ti kọ́ṣẹ́. Wọ́n ń tú ẹrù ìwé, wọ́n ń wádìí ọ́fíìsì tó ni í, wọ́n sì ń fi tápíráítà tẹ ìwé atọ́ka. Ibẹ̀ ni àmì ìdámọ̀ ìdìpọ̀ ìwé bíi CSO 26 àti Oyo Prof, tó kún ìsàlẹ̀ ojú ewé àwọn ìwé ìtàn, ti wá. Òfin àkọ́kọ́ wọn ni pé ìwé ọ́fíìsì kan kò gbọdọ̀ dà pọ̀ mọ́ ti òmíràn, ìbáà jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ. Ó dà bí ohun kékeré, àmọ́ ẹni tó bá tú ìdìpọ̀ láìmọ ẹni tó dì í ti ba ẹ̀rí jẹ́.

Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n dá ibùdó ẹ̀kọ́ ìpamọ́ àkọsílẹ̀ kan sílẹ̀ ní Legon, ní Ghana, fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Yunifásítì Ìbàdàn náà fi ẹ̀kọ́ yìí kún ti ilé ìkàwé. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ìwé atọ́ka ni wọ́n kọ́kọ́ kó sínú rẹ̀. Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Ti ọgbọ́n àtọwọ́dá yàtọ̀, nítorí ìwé kíkà gan-an ló dáwọ́ lé. Ètò kọ̀ǹpútà kan, Transkribus, tó ti Yunifásítì Innsbruck ní Austria jáde, lè ka ìwé àfọwọ́kọ, bí ènìyàn bá ti kọ́kọ́ da ọ̀pọ̀ ojú ewé kọ fún un. Àwọn ìwé ìwádìí tí àwọn aṣojú ìjọba amúnisìn kọ nípa ìlú Yorùbá ní àwọn ọdún 1930 ni ìṣòro ti le jù. Bí orúkọ ṣe dún létí Òyìnbó ló ṣe kọ ọ́, láìsí àmì ohùn. Àwọn tó ń du oyè ṣì ń wá ìwé wọ̀nyí fún ẹ̀rí ní kóòtù. Bí ẹ̀rọ bá ṣi orúkọ ìdílé ọlọ́ba kan kà, ẹni tó ń wá a kò ní rí i.

Nítorí náà, ohun tó yẹ kí òṣìṣẹ́ tún kọ́ kọjá bí a ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà: ìtàn ìlú, àkọtọ́ àtijọ́, yíyẹ iṣẹ́ ẹ̀rọ wò, àti kíkọ ohun tí ẹ̀rọ ṣe sílẹ̀ lọ́tọ̀. Ó tún kan mímọ fáìlì tí kò yẹ kó dé orí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ òkèèrè rárá, bíi ti aláìsàn tàbí ti òṣìṣẹ́ ìjọba tó ṣì wà láàyè.