Ìlẹ̀kẹ̀ tí ihò rẹ̀ ò já: ìtàn oògùn tenofovir

Àbúrò mi tó ń lo oògùn hepatitis B, àrùn inú ẹ̀dọ̀ yẹn, ló bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Ẹ̀gbọ́n, ara mi ti yá, kí ló dé tí mo tún ń lo oògùn lójoojúmọ́?" Mi ò rí èsì fún un. Ìyẹn ló jẹ́ kí n wá ìtàn tenofovir lọ.

Ìlú Prague ló ti bẹ̀rẹ̀, ní Czechoslovakia ayé ìjọba Kọ́múníìsì. Antonín Holý ni onímọ̀ kẹ́míkà náà. Ní 1976 ó pàdé Erik De Clercq, dókítà ará Bẹ́ljíọ̀mù, níbi àpérò kan ní Jámánì. Holý á po èròjà ní Prague, á fi ránṣẹ́ sí Leuven. De Clercq á dán an wò lórí kòkòrò fáírọ́ọ̀sì. Ju ọgbọ̀n ọdún lọ ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọjà ránṣẹ́ sọ́nà jíjìn, ẹ mọ irú ìfọkàntán tí ìyẹn ń gbà.

Ìlẹ̀kẹ̀ ni mò ń tà, ẹ jẹ́ kí n fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ ọ́. Kí kòkòrò yìí tó lè bí sí i, ó gbọ́dọ̀ da àkọsílẹ̀ inú ara rẹ̀ kọ. Ẹ́ńsáìmù rẹ̀ kan ló ń ṣe é: á máa mú èròjà kéékèèké lára wa, á máa tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹní ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Tenofovir jọ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ́ńsáìmù ò dá a mọ̀, ó sín in mọ́ ọn. Àṣé ihò rẹ̀ ò já! Okùn wọlé, kò rí ibi jáde. Iṣẹ́ dúró síbẹ̀.

Irú rẹ̀ ti wà ṣáájú o, AZT tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1987. Ṣùgbọ́n ara wa ló máa so fọ́síféètì mẹ́ta mọ́ AZT kó tó ṣiṣẹ́. Ti Holý ti ní irú rẹ̀ kan lára láti Prague, ó sì so ó lọ́nà tí ara ò fi lè já a kúrò. Méjì péré ló kù.

Gilead ní California ló sọ ọ́ di oògùn oníhóró: 2001 fún HIV, 2008 fún hepatitis B. Ọjọ́ tí Holý kú, 16 oṣù Keje 2012, ni Amẹ́ríkà gbà kí ẹni tí kò ní HIV máa lo oògùn tí tenofovir wà nínú rẹ̀, kó má bàa kó o. Ó ṣe mí bákan nígbà tí mo kà á.

Èsì àbúrò mi rèé: oògùn yìí kì í pa èyí tó ti sá pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀. Sínsín yẹn ló ń dá dúró. Tó bá fi í sílẹ̀, wọ́n lè tún bẹ̀rẹ̀, kó tiẹ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo pè é láàárọ̀ yìí. Ó ní òun ti fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án nígbà tí òun lọ ra ọjà ní Aba. Ọ̀la la jọ ń lọ rí dókítà.