Irin tí kì í Dógùn-ún àti Àwọn tí Wọ́n Dá a Sílẹ̀

Ohun tí omi ń ṣe sí irin kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Àdá tí a gbàgbé sóko nígbà òjò, bí a bá padà débẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ara rẹ̀ yóò ti pọ́n rúsúrúsú. Bí a kò bá tètè pọ́n ọn kí a sì fi òróró pa á, ìdógùn-ún yóò jẹ ẹ́ títí yóò fi di ìjákujàá. Láti ìgbà tí ọmọ aráyé ti ń yọ́ irin, èyí tí ó ti ju 3,000 ọdún lọ, kò sí alágbẹ̀dẹ kan, ìbáà ṣe ti ilẹ̀ Yorùbá, ìbáà ṣe ti ilẹ̀ Òyìnbó, tí ó rí oògùn àrùn yìí. Òróró àti ọ̀dà ni gbogbo wọn fi ń dá a dúró.

Lónìí, a rí irin tí ó bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà. A rí i nínú ṣíbí tí a fi ń jẹun, nínú ọ̀bẹ oníṣẹ́ abẹ, nínú àgbá ńláńlá tí a ń pọn bíà sí. Bí a bá sì béèrè lọ́wọ́ ìwé ìtàn pé ta ni ó dá a sílẹ̀, orúkọ ẹnìkan ṣoṣo ni a sábà máa ń gbọ́: Harry Brearley, ará ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1913. Ìdáhùn yìí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ó kúrú jù. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni ibi tí ó gbé kúrú, àti ohun tí kíkúrú rẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ àwa tí a ń kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn.

Kí a tó wọ inú ìtàn, ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń sọ gan-an. Ọ́síjìn tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ ni ó ń bá omi lọ́wọ́ láti ba irin jẹ́. Ìdógùn-ún tí ó ń hù lára irin kì í lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́. Ńṣe ni ó ń ṣí kúrò, tí ara irin tuntun sì ń hàn síta fún omi láti tún jẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá po ohun àlùmọ́nì kan tí a ń pè ní kírómíọ̀mù mọ́ irin, tí ó sì tó ìwọ̀n 10.5 nínú 100, kírómíọ̀mù náà ni yóò kọ́kọ́ bá ọ́síjìn pàdé. Àwọn méjèèjì yóò di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ojú kò lè rí, tí yóò sì bo irin náà mọ́lẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá ha awọ yìí, kíá ni yóò tún ara rẹ̀ ṣe, níwọ̀n ìgbà tí ọ́síjìn bá ti wà nítòsí. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Irin yìí náà ń bá afẹ́fẹ́ àti omi jà lójoojúmọ́. Awọ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí a mọ̀.

Ǹjẹ́ ta ni ó kọ́kọ́ mọ èyí? Ní ọdún 1797, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Louis-Nicolas Vauquelin, rí kírómíọ̀mù nínú òkúta pupa kan tí wọ́n gbé wá láti Siberia ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ní 1821, Pierre Berthier, ọmọ ilẹ̀ Faransé bákan náà, po kírómíọ̀mù mọ́ irin, ó sì rí i pé ásíìdì kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára lórí àdàlù náà. Ó tilẹ̀ dábàá pé ó lè dára fún ọ̀bẹ. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ti rí: ó ku ọdún 92 kí Brearley tó yọ́ irin tirẹ̀, ẹnìkan ti sọ ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ. Kí ni kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ nígbà náà? Kábọ́ọ̀nù ni. Kábọ́ọ̀nù inú irin Berthier pọ̀ jù, nítorí náà irin náà gbó gan-gan, bí a bá fi owú lù ú, yóò fọ́ ni. Kò sí ẹni tí ó mọ ọ̀nà tí a lè gbà rí kírómíọ̀mù tí kò ní kábọ́ọ̀nù nínú, àfi ní àwọn ọdún 1890, nígbà tí Hans Goldschmidt, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, fi alumíníọ̀mù ṣe é.

Láàárín àkókò náà, àṣìṣe ńlá kan ṣẹlẹ̀. Ní 1892, Robert Hadfield, ògbóǹtarìgì onímọ̀ irin ní Sheffield, kọ̀wé pé kírómíọ̀mù kò ran irin lọ́wọ́ rárá láti má bàjẹ́. Òun kò parọ́. Ohun tí ó rí ni ó sọ. Ṣùgbọ́n ásíìdì olóró kan, ásíìdì ti imí ọjọ́, ni ó fi dán an wò, ásíìdì yìí kan náà sì ni irú irin bẹ́ẹ̀ kò lè dojú kọ. Ká ní ó da omi òjò tàbí ọtí kíkan lé e ni, ìdáhùn mìíràn ni ìbá rí. Ẹni tí ó bá fi ìbéèrè kan ṣoṣo dá ẹjọ́ ohun gbogbo, ìbéèrè náà ni yóò ṣì í lọ́nà. Orúkọ Hadfield sì tóbi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo létí àwọn onímọ̀.

Nígbà tí ó di ọdún 1911, Philipp Monnartz tẹ ìwé jáde ní ilẹ̀ Jámánì, nínú èyí tí ó ti ṣàlàyé bí kírómíọ̀mù ṣe ń dáàbò bo irin, àti ìdí tí kábọ́ọ̀nù fi gbọ́dọ̀ kéré. Ní 1912, ní ilé-iṣẹ́ Krupp tí ó wà ní Essen, Eduard Maurer ṣàkíyèsí pé àwọn irin kan tí ó ti pẹ́ nínú yàrá ìwádìí kò dógùn-ún, bí èéfín ásíìdì ti ń fẹ́ lù wọ́n tó. Òun àti Benno Strauss fi níkẹ́ẹ̀lì kún kírómíọ̀mù, Krupp sì gba ìwé àṣẹ lé e lórí lọ́dún náà. Irin tiwọn yìí ni baba ńlá èyí tí ó wọ́pọ̀ jù láyé lónìí, tí kírómíọ̀mù rẹ̀ jẹ́ 18, tí níkẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sì jẹ́ 8 nínú 100.

Ìgbà yìí ni Brearley dé ojú ìtàn. A bí i ní 1871. Baba rẹ̀ ń yọ́ irin, òtòṣì sì ni wọ́n. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí ó fi ilé-ìwé sílẹ̀, ó sì di ẹni tí ń fọ ìgò ní yàrá ìwádìí ilé-iṣẹ́ Thomas Firth. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ ìmọ̀ irin títí ó fi di ọ̀gá. Ní 1912, àwọn tí ń ṣe ìbọn ní kí ó bá àwọn wá ohun tí àwọn lè ṣe sí ọ̀pá ìbọn tí ooru àti èéfín ẹ̀tù ń jẹ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1913, ó yọ́ irin kan tí kírómíọ̀mù inú rẹ̀ jẹ́ 12.8, tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ sì jẹ́ 0.24 nínú 100. Bí a bá fẹ́ wo inú irin pẹ̀lú awò asọ-nǹkan-di-ńlá, a ní láti kọ́kọ́ fi ásíìdì ha ojú rẹ̀. Irin yìí kọ̀, ásíìdì kò ràn án. Lójú ẹlòmíràn, ìdíwọ́ iṣẹ́ ni èyí ìbá jẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Sheffield ni Brearley, ìlú àwọn alọ́bẹ. Ó mọ̀ bí ọtí kíkan àti omi lẹ́mọ́ọ̀nù ti ń ba ọ̀bẹ ìjẹun jẹ́. Ó gbàgbé ìbọn, ó ń ro ọ̀bẹ.

Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò kà á sí. Àwọn alọ́bẹ tí ó kọ́kọ́ kó irin náà fún ní ó le jù láti rọ, ọ̀bẹ tí wọ́n sì fi ṣe kò mú. Wọ́n fi Brearley ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀bẹ tí kì í gé nǹkan ni ó dá sílẹ̀. Ernest Stuart, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ọ̀bẹ R. F. Mosley, ni ó wá ọ̀nà tí a fi lè rọ ọ́, tí ó rì í sínú ọtí kíkan, tí ó sì fún un ní orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é títí di òní, orúkọ tí ó túmọ̀ sí aláìlábàwọ́n.

Nígbà tí ó hàn pé owó wà nídìí rẹ̀, ìjà dé. Ilé-iṣẹ́ Firth ní owó àwọn ni ó ń jẹ, nítorí náà ti àwọn ni irin náà. Brearley ní ọpọlọ òun ni ó rí i. Ní 1915 ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Elwood Haynes ti ń ṣe irú irin bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀. Òun náà béèrè fún ìwé àṣẹ ní 1915, wọ́n sì fún un ní 1919. Nígbẹ̀yìn, àwọn méjèèjì gbà láti da ẹ̀tọ́ wọn pọ̀ nínú ilé-iṣẹ́ kan, kí wọ́n má baà fi owó wọn rojọ́ tán.

Ibi tí ìwé púpọ̀ ti parí ìtàn nìyí. Èmi rò pé ibẹ̀ ni ìdajì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òkìtì irin kò wúlò fún ìyáwó tí ń wá ìkòkò. Kí irin tó lè di agbada, àgbá wàrà tàbí ara ọkọ̀ ojú irin, ó gbọ́dọ̀ di pẹlẹbẹ, kí ó fẹ́lẹ́, kí ó sì gùn tó bẹ́ẹ̀ tí a óò fi lè ká a jọ bí ẹní. Àkájọ irin yìí ni àwọn ilé-iṣẹ́ ń rà, tí wọ́n ń gé bí ó ti wù wọ́n. Ṣùgbọ́n irin tí kì í dógùn-ún le. Bí a ti ń tẹ̀ ẹ́ ni ó túbọ̀ ń le sí i. Bí rólà tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ bá tóbi, kò ní lè wọ̀ ọ́ lára. Bí ó bá sì kéré, yóò tẹ̀ kọ́dọ́rọ́. Tadeusz Sendzimir, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Pólàǹdì, ni ó yanjú ọ̀rọ̀ yìí ní àwọn ọdún 1930. Ó fi rólà kékeré kan tẹ irin lókè, òmíràn nísàlẹ̀; ó fi méjì ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn, ó fi mẹ́ta ti méjì, ó fi mẹ́rin ti mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 20. Kékeré ni ó ń ṣe iṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ńlá ni kò jẹ́ kí ó tẹ̀.

Owó rẹ̀ ṣì wọ́n. Bí a bá fẹ́ ọ́síjìn sínú irin yíyọ́ láti jó kábọ́ọ̀nù kúrò, kírómíọ̀mù olówó iyebíye náà a máa jó pẹ̀lú rẹ̀. Ní 1954, William Krivsky ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà rí i pé bí a bá po ágọ́ọ̀nù mọ́ ọ́síjìn, kábọ́ọ̀nù yóò lọ, kírómíọ̀mù yóò kù. Ní 1968 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀nà yìí ṣòwò. Láti ìgbà náà ni a ti lè fi àlòkù irin àti kírómíọ̀mù olówó pọ́ọ́kú ṣe irin dáradára.

Ẹ wo èso iṣẹ́ wọn. Orí ilé Chrysler ní New York, tí wọ́n fi irin yìí bò ní 1930, ń dán síbẹ̀. Ní 1934, ọkọ̀ ojú irin Pioneer Zephyr, tí ilé-iṣẹ́ Budd fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí ṣe, gbéra ní Denver, ó sì dé Chicago ní wákàtí 13 àti ìṣẹ́jú 5. Àwọn ilé-iṣẹ́ ásíìdì, ilé ìpọntí, ilé wàrà àti ilé-ìwòsàn kò lè ṣe é tì mọ́, nítorí irin tí a lè fi omi gbígbóná fọ̀ lẹ́gbẹ̀rún ìgbà ni, tí kì í fi adùn tàbí ìdọ̀tí sínú ohun tí ó gbà mọ́ra. Níbi tí iyọ̀ òkun bá wà, a óò fi mọ́líbídẹ́nọ̀mù díẹ̀ kún un, nítorí iyọ̀ lè gún awọ rẹ̀ lu.

Ẹnìkan lè sọ pé, bí ó ti wù kí ó rí, Brearley ni ó kọ́kọ́ mọ ohun tí irin náà wúlò fún, nítorí náà òun ni ó tọ́ kí a máa yìn. Mo gbà pé ojú rẹ̀ ríran ju ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ lọ, ẹni tí ó sì ti ìdí ìgò fífọ̀ dé ibẹ̀ tọ́ sí ìyìn. Ṣùgbọ́n Berthier náà mọ ohun tí ó wúlò fún. Ohun tí Brearley ní tí Berthier kò ní ni Goldschmidt, ni Stuart, ni ìlú kan tí ó kún fún alọ́bẹ. Bí a bá yọ àwọn wọ̀nyí kúrò, Brearley pẹ̀lú ìbá kú pẹ̀lú àbá lásán.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn wá. Lónìí, ilẹ̀ South Africa ni ó ń wa òkúta kírómíọ̀mù jù lọ ní gbogbo ayé, ilẹ̀ Ṣáínà ni ó sì ń ṣe ju ìdajì irin tí kì í dógùn-ún lọ. Àkájọ irin tí ń gúnlẹ̀ ní èbúté ilẹ̀ Áfíríkà, ó ṣeé ṣe kí òkúta tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ òkúta ilẹ̀ wa. Bí a bá kọ́ ọmọ wa pé ènìyàn kan ni ó jí lówùúrọ̀ tí ó rí irin náà, ohun tí yóò máa retí ni pé kí akọni kan jáde láàárín wa. Bí a bá kọ́ ọ ní ìtàn bí ó ti rí, yóò mọ̀ pé ẹni tí ń fọ ìgò, ẹni tí ń rọ ọ̀bẹ, ẹni tí ń to rólà, àti ẹni tí ó kọ àṣìṣe rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti tún ṣe, gbogbo wọn ni a gbọ́dọ̀ ní kí òkúta tó di àkájọ. Yóò wá béèrè pé, nínú gbogbo wọn, èwo ni a kò tíì tọ́ dàgbà? Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé.