Kí Ló Dé Tí Mọ́tò Tó Ń Lo Gáàsì Ìdáná Nìkan Fi Ṣọ̀wọ́n?

Gáàsì tí ẹ fi ń se ìrẹsì nílé yẹn, ṣé ẹ mọ̀ pé inú epo mọ́tò ni wọ́n ti rí i? Ní 1910, ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ní mọ́tò fẹjọ́ sùn pé epo bẹntiróòlù tí òun rà ti ń dín kù kí òun tó délé. Walter Snelling, onímọ̀ kẹ́mísìrì tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba, yẹ epo náà wò, ó sì rí i pé propane àti butane wà lára ohun tó ń fẹ́ lọ. Àwọn méjèèjì ló wà nínú sílíńdà yín lónìí.

Ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù lè lo gáàsì yìí dáadáa. Kí ló wá dé tí a kì í rí mọ́tò tó ń lo òun nìkan?

Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà ni. Ẹ jẹ́ ká ní Micra kan gbéra ní Mọ́níyà, ó ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé epo wà lọ́nà. Àwọn tó ń ta gáàsì náà wà, ṣùgbọ́n sílíńdà ìdáná ni wọ́n ń rọ, kì í ṣe táǹkì mọ́tò. Tí gáàsì bá tán lẹ́yìn Ọ̀yọ́, ìrìn àjò parí nìyẹn. Àwọn dírẹ́bà mọ̀ pé ọ̀nà kan ò wọjà, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá yí mọ́tò sí gáàsì kì í fi í sábà yọ táǹkì epo. Táǹkì gáàsì á gba búùtù, awakọ̀ á sì máa tẹ bọ́tìnnì láti yan èyí tó fẹ́. Epo ni ọ̀pọ̀ irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ fi ń sítáàtì, kí ẹ́ńjìnì tó gbóná.

Níbo ni gáàsì nìkan ti wá ṣiṣẹ́? Lára takisí ni, nítorí takisí kì í jìnnà sílé. Ní Hong Kong, láti 2000, ìjọba pèsè ilé gáàsì, wọ́n sì fún onítakisí tó bá fi dísù sílẹ̀ lówó ìrànwọ́. Láàárín ọdún mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo takisí wọn, bíi 18,000, ló ti bọ́ sórí gáàsì. Ní South Korea, òfin ò jẹ́ kí gbogbo ènìyàn ra mọ́tò gáàsì tuntun títí di oṣù Kẹta 2019. Takisí, ọkọ̀ tí wọ́n ń yáni àti ọkọ̀ aláàbọ̀ ara ló wà fún jù.

Nítòsí wa, Ghánà ló yẹ ká wò. Ní 1990, ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ sí í polongo gáàsì kí àwọn ènìyàn lè fi igi àti èédú sílẹ̀. Àwọn onítakisí rí i pé ó wọ́n ju bẹntiróòlù lọ? Rárá, ó dínwó! Ni wọ́n bá gbé e sí búùtù. Bí ìyá tó gbé sílíńdà dání àti takisí ṣe di ẹni tó ń tò sójú ìlà kan náà nìyẹn, tí gáàsì bá sì wọ́n, ìkòkò ló ń jìyà. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá 2017, ilé gáàsì kan gbaná ní Atomic Junction, Accra. Ènìyàn 7 kú, ìjọba sì dá kíkọ́ ilé gáàsì tuntun dúró.

Ní Nàìjíríà, Ààrẹ Buhari ṣí ètò gáàsì ọkọ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 2020. Lẹ́yìn tí Ààrẹ Tinubu kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, CNG ni ìjọba gbájú mọ́. Methane ni CNG, ó sì pọ̀ nílẹ̀ wa, nígbà tó jẹ́ pé láti òkè òkun ni ọ̀pọ̀ gáàsì ìdáná wa ti ń wọlé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ má dà wọ́n pọ̀ o: agbára tí wọ́n fi ń ki CNG sí sílíńdà tó 200 bar, sílíńdà ìdáná ò lè gbà á láéláé.

Ní tèmi, ọgbọ́n wà nínú kí mọ́tò má bá ìkòkò du gáàsì. Ṣùgbọ́n CNG náà ò lè sá fún ìbéèrè awakọ̀ Mọ́níyà: tó bá tán lọ́nà, níbo ni màá ti rọ òmíràn? Ilé gáàsì ló gbọ́dọ̀ ṣáájú mọ́tò.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.