Adùn Inú Ìgò: Ìtàn Ṣúgà Nínú Ọtí Champagne àti Ọtí Sauternes

1. Ìbéèrè

Lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ wa kan gbèjà ìwé tẹ́ẹ̀sì rẹ̀, wọ́n gbé oríṣi champagne méjì síwájú wa. Ọ̀kan jẹ́ brut, èkejì jẹ́ demi-sec. Mo nawọ́ sí demi-sec. Ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ nílẹ̀ Faransé wò mí, ó ní: « Àbúrò, ẹni tó mọ ọtí kì í mu èyí tó dùn. » A jọ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì tán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tán lọ́kàn mi. Láti ìgbà wo ni adùn ti di àmì àìmọ̀? Ta ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ni àpilẹ̀kọ yìí ń wá. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé àwọn tó sọ champagne di ọtí ààfin ń mu ún pẹ̀lú ṣúgà púpọ̀, àti pé ọtí funfun tí wọ́n bọlá fún jù ní Bordeaux ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọtí dídùn ni. Èrò mi ni pé ìgbà tí ṣúgà wọ́n ni adùn jẹ́ ọlá. Nígbà tó pọ̀, tó sì wọ́lẹ̀, ọlá náà ṣí lọ síbòmíràn. Ìtàn ṣúgà yìí sì kan àwa tí a wà ní etíkun yìí.

2. Ibi tí adùn ti ń wá

Ẹni tó bá mọ ẹmu ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Ẹmu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ máa ń dùn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ti kan, ó sì ti le. Ìwúkàrà ló jẹ adùn inú rẹ̀, tó sọ ọ́ di ọtí, tó sì tú atẹ́gùn tí à ń rí bí ìfófòó sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni oje àjàrà rí. Bí ìwúkàrà bá jẹ ṣúgà rẹ̀ tán, àwọn Faransé á ní ọtí náà « gbẹ », ìyẹn sec. Kí irú ọtí tí à ń sọ yìí tó dùn, ọ̀kan nínú nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀: yálà ṣúgà inú èso pọ̀ débi pé ìwúkàrà kò lè jẹ ẹ́ tán, tàbí ènìyàn ló bu ṣúgà sí i lẹ́yìn náà. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti Sauternes, ọ̀nà kejì ni ti champagne.

3. Champagne: láti doux dé brut

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé mọ́ńkì Dom Pérignon ló dá champagne tó ń hó sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọdún 1668 ló dé ilé ìjọsìn Hautvillers. Ní 1662, Christopher Merret, oníṣègùn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣàlàyé níwájú Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù pé àwọn oníṣòwò ọtí níbẹ̀ ń da ṣúgà sínú ọtí kí ó lè máa hó. Ṣúgà ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní 1728, ọba Louis XV fàyè gbà á kí wọ́n máa fi ìgò kó ọtí Champagne káàkiri, òwò náà sì gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n ewu wà níbẹ̀: bí ṣúgà inú ìgò bá ti pọ̀ jù, atẹ́gùn á fọ́ ìgò. Ní 1836 ni Jean-Baptiste François, apòògùn kan ní Châlons, fi ọ̀nà tí a fi lè wọn ṣúgà ọtí kí a tó dé ìgò hàn.

Láàárín àkókò yẹn, opó kan ti gba iṣẹ́ náà mọ́ra. Ọmọ ọdún 27 ni Barbe-Nicole Ponsardin nígbà tí ọkọ rẹ̀, François Clicquot, kú ní 1805. Ní nǹkan bí 1816, ní ilé iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da ìgò dojú bolẹ̀ nínú pákó tí wọ́n lu ihò sí, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè sọ̀ sí ẹnu ìgò. Nígbà tí wọ́n bá yọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí, ìgò á dín díẹ̀. Ọtí tí wọ́n ti po ṣúgà mọ́ ni wọ́n fi ń kún un. Ohun tí wọ́n ń pè ní dosage nìyẹn, ibẹ̀ sì ni adùn champagne ti ń wá.

Ní 1814, bí ogun Napoléon ṣe ń parí lọ, opó Clicquot fi ọtí rẹ̀ ránṣẹ́ sí Rọ́ṣíà kí àwọn abánidíje rẹ̀ tó dé ibẹ̀. Àwọn ará Rọ́ṣíà fẹ́ adùn gidi: ṣúgà inú lítà kan lè ju 200 gíráàmù lọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn ti ní ọtí porto tí wọ́n ń mu lẹ́yìn oúnjẹ. Èyí tí wọ́n lè fi jẹun ni wọ́n ń wá. Nítorí tiwọn ni opó mìíràn, Louise Pommery, fi ṣe ọtí ọdún 1874 tí ó gbẹ, èyí tó di olókìkí ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí brut ṣe gòkè nìyẹn: oníbàárà kan ló béèrè fún un, òwò sì tẹ̀ lé e.

Orúkọ ara ìgò ṣì ń jẹ́rìí sí ìtàn yìí. Lábẹ́ òfin tòní, ṣúgà brut kò tó gíráàmù 12 nínú lítà kan. Ti sec jẹ́ 17 sí 32. Ti demi-sec jẹ́ 32 sí 50. Ti doux ju 50 lọ. Ẹni tó bá mu sec á rí i pé ó dùn. Kí ló dé tí wọ́n fi wá ń pè é ní ọtí « gbígbẹ »? Ìdí ni pé nígbà tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, àwọn ìyókù dùn jù ú lọ fíìfíì.

4. Sauternes: ọlá èso jíjẹrà

Ní gúúsù Bordeaux, odò Ciron tí omi rẹ̀ tutù ń ṣàn wọ inú odò Garonne. Nígbà ìkórè, ìkùukùu máa ń bo oko láàárọ̀, oòrùn á sì gbẹ ẹ́ lọ́sàn-án. Èyí ló ń jẹ́ kí olu tíńtín kan, Botrytis cinerea, bo èso àjàrà bí èyí tó máa ń bo búrẹ́dì tó ti bu. Ó ń lu awọ èso, omi inú rẹ̀ ń gbẹ, ṣúgà rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. « Ìjẹrà ọlọ́lá » ni àwọn Faransé ń pè é. Àwọn olùkórè á lọ, á bọ̀ nígbà púpọ̀, èso tó ti jẹrà dáadáa nìkan ni wọ́n á já. Ìdí nìyẹn tó fi wọ́n.

Nígbà tí wọ́n to àwọn ọtí Bordeaux lẹ́sẹẹsẹ ní 1855, ọtí dídùn Sauternes àti Barsac nìkan ló wà nínú ìwé ọtí funfun. Wọ́n fi Château d'Yquem sípò kan tí ọtí pupa kankan kò ní: Premier Cru Supérieur. Nígbà náà, kò sẹ́ni tó lè sọ pé adùn jẹ́ ti aláìmọ̀.

5. Ta ló gbin ìrèké náà?

Èbúté Bordeaux yìí kan náà ni ṣúgà ń gbà wọ Yúróòpù ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ọkọ̀ òkun ń gbé ọtí àti ìyẹ̀fun lọ sí erékùṣù, wọ́n sì ń gbé ṣúgà, kọfí àti aró bọ̀. Saint-Domingue, tí a mọ̀ sí Haiti lónìí, ló ń ṣe ṣúgà jù láyé. Ọkọ̀ Bordeaux nìkan kó ẹrú tó ju 100,000 lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó gé ìrèké náà gba Ouidah àti Àjàṣẹ́ lọ. Àwọn tó ń sọ èdè wa wà lára wọn, « Nago » ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, orúkọ náà ṣì wà nínú ìsìn àwọn ará Haiti títí di òní.

Ní 1791 àwọn ẹrú dìde. Ní 1804 wọ́n gba òmìnira. Ilẹ̀ Faransé wá ṣúgà míràn: ní 1812 Benjamin Delessert ti ń rí ṣúgà yọ láti inú betterave. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ṣúgà betterave ti ju ti ìrèké lọ láyé, gbogbo mẹ̀kúnnù sì ń rí i rà. Ohun tí gbogbo ènìyàn bá lè rà kì í jẹ́ àmì ọlá mọ́. Mo rò pé èyí náà wà lára ìdí tí brut fi borí.

6. Ìparí

Kí ni ká wá máa wò nígbà tí a bá ń tọ́ ọtí wò? Kì í ṣe bóyá ó dùn nìkan, bí kò ṣe bóyá adùn rẹ̀ àti kíkan rẹ̀ bára dọ́gba. Sauternes rere lè ní ṣúgà tó ju 100 gíráàmù lọ nínú lítà kan, síbẹ̀ kì í súni, nítorí ó ní kíkan tó gbé e ró. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó gbẹ, ẹ fi èyí tó dùn kẹ́yìn, torí pé brut tí a bá mu lẹ́yìn Sauternes á kan jù lẹ́nu.

Nílé wa, oyin la fi ń ṣàdúrà fún ọmọ tuntun. Adùn kò fìgbà kan jẹ́ ohun ìtìjú fún wa. Ẹ̀gbọ́n mi kò purọ́. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ lóun náà kọ́ mi. Ṣùgbọ́n bí a bá tún pàdé níbi irú àpèjẹ yẹn, màá gba demi-sec, màá sì sọ ìtàn yìí fún un.