Ẹ̀bátí Ti Wà Nílẹ̀ Kí Dókítà Tó Dé

Àmì ohùn nìkan ló ya ọpọlọ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀pọ̀lọ́. Bí ìwé kan nílé ìwòsàn bá kọ "ise abe opolo" lásán, tí kò sàmì sí i, ẹni tó ń kà á lè máa rò ó bóyá èyí tó ń ké nínú àbàtà ni wọ́n fẹ́ là. Ẹ̀rín ni. Àmọ́ ẹni tí wárápá ti ń dà láàmú láti kékeré, tí wọ́n ní kó wá fọwọ́ síwèé kí wọ́n tó ṣí agbárí rẹ̀, kò ní bá wọn rín in.

Ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí a ní láti túmọ̀ sí Yorùbá fún iṣẹ́ abẹ wárápá kò ní wàhálà. Dókítà àti nọ́ọ̀sì ti di Yorùbá. Iṣẹ́ abẹ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, àní lórí ọpọlọ, láti ìgbà tí Latunde Odeku, ọmọ Àwé, ti bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní UCH Ìbàdàn lọ́dún 1962. Abẹ́rẹ́ akunnilóorun náà dúró. Wárápá tí oríṣi oògùn méjì tí wọ́n fara balẹ̀ yàn kò kápá, èyí tó máa ń jẹ́ kí wọ́n ronú iṣẹ́ abẹ, kò gba àṣàrò rárá: àwọn àgbà ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé àìsàn kan "kò gbóògùn". Wárápá àìgbóògùn nìyẹn, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ló sì ń bá jà nínú àwọn tó ní wárápá.

Ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ ni orúkọ ohun tó ń dé sí aláìsàn. Wárápá ni Yorùbá ń pe àìsàn náà, òun náà ni wọ́n ń pe ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá dé: "ó ní wárápá", "wárápá gbé e láàárọ̀". Gìrì wà, ṣùgbọ́n ti ọmọ kékeré tí ara rẹ̀ gbóná ni. Ẹni tó bá kàn ṣí ìwé atúmọ̀-èdè láti wá "seizure" ti Gẹ̀ẹ́sì lè bọ́ sórí ìgbẹ́sẹ̀lé, bí ẹni pé kọ́sítọ́ọ̀mù ló wá kó ẹrù. Àwọn mìíràn fẹ́ràn ìkọlù, ìyẹn ló sì burú jù. Ohun tó kọ luni, ìta ló ti wá. Ọ̀tá ni, ó sì ní ẹni tó rán an. Ní àwùjọ tí wọ́n ti ń wá ẹni tó fi wárápá ṣe ọmọ wọn láti ilé aládùúrà dé ilé babaláwo, ọ̀rọ̀ tó ń nawọ́ síta lòdì sí gbogbo ohun tí àyẹ̀wò ń wá, nítorí inú ọpọlọ aláìsàn fúnra rẹ̀ ni orísun àìsàn náà wà.

Bẹ́ẹ̀ èdè kò fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. "Ẹ̀ẹ̀melòó ni wárápá ń gbé e lóṣù?" Ìbéèrè dókítà nìyẹn, kò sì nílò ọ̀rọ̀-orúkọ tuntun kankan, "ẹ̀ẹ̀" ti bá wa kà á. Ìṣòro kan ló kù: gbé dá lé ìṣubú, bẹ́ẹ̀ wárápá kan wà tí kì í gbé ènìyàn ṣubú. Ọ̀rọ̀ á dá mọ́ onítọ̀hún lẹ́nu, á tẹjú mọ́ ibì kan, á máa jẹnu bí ẹni tó ní obì lẹ́nu, á máa fọwọ́ ṣa aṣọ ara rẹ̀, kò sì ní dá ẹni tó ń pè é lóhùn. Láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì ó ti parí. Ará ilé á ní ó ń ronú ni. Wárápá àìṣubú ni kó máa jẹ́; ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù kó mú un wá. Òun gan-an ni iṣẹ́ abẹ sábà máa ń ṣe lóore jù, nítorí ẹ̀bátí ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá.

Ẹ̀bátí! Ẹ̀bá etí ni, kò sí ohun tó tún ṣe kedere ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn oníṣègùn pín ọpọlọ sí apá mẹ́rin, wọ́n sì fi Látìn sọ wọ́n lórúkọ nípa egungun tó bo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọpọlọ iwájú orí, ọpọlọ àtàrí, ọpọlọ ẹ̀bátí, ọpọlọ ìpàkọ́: onídìrí èyíkéyìí mọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó bá tún fẹ́ ki "ewé" tàbí "ìpín" bọ àárín wọn ń wá iṣẹ́ tí kò sí.

Onídìrí náà ló sì kọ́kọ́ níṣẹ́, torí irun dídì gbọ́dọ̀ di títú, kí wọ́n fọ òróró kúrò lórí, kí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó lè lẹ̀ mọ́ awọ orí. Hans Berger, oníṣègùn ará Jámánì ní ìlú Jena, ló kọ́kọ́ gba EEG, àkọsílẹ̀ iná mànàmáná inú ọpọlọ tí wáyà wọ̀nyí ń gbà, lórí ènìyàn lọ́dún 1924. Ọdún 1929 ló tẹ̀ ẹ́ jáde. Kí ni ká pè é? "Àyẹ̀wò iná orí" ló yá lẹ́nu. Iná mànàmáná ni atúmọ̀ ní lọ́kàn, àmọ́ iná ni aláìsàn gbọ́, ó sì lè rò pé wọ́n fẹ́ kí iná gbé òun. Ẹ̀rọ yìí kì í rán ohunkóhun sínú orí. Ṣe ló ń gbọ́ ohun tó ń lọ níbẹ̀. "Ìgbọràn ọpọlọ" kò sì ní ṣeé ṣe, ọmọ tó ń gbọ́ràn síyàá rẹ̀ lẹ́nu ti gba ìyẹn. Ìgbì ọpọlọ ló tọ́. Bí ìgbì ni ìlà tó ń jáde ṣe ń lọ sókè sódò, kò sì sí iná níbẹ̀ tí yóò dẹ́rù bani. Bó bá wá di pé aláìsàn ní láti sùn sílé ìwòsàn fún ọjọ́ mélòó kan, tí kámẹ́rà ń wò ó, tí wọ́n ń dín oògùn rẹ̀ kù kí wárápá lè dé níṣojú wọn, ìṣọ́ ìgbì ni. Ará ṣọ́ọ̀ṣì á rántí ìṣọ́ òru; kò burú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń gbàdúrà kó má dé ni wọ́n ń ṣọ́ níbẹ̀.

MRI, ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ya àwòrán inú orí, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ àwòrán òòfà. Ọ̀rọ̀ yẹn ń kìlọ̀ fúnra rẹ̀: ẹni tó bá gbọ́ òòfà á bọ́ yẹtí àti òrùka, á sì rántí ìgbàdí onírin tó wà lábẹ́ aṣọ.

Nínú ọpọlọ ẹ̀bátí ni nǹkan kékeré kan wà tí Òyìnbó fi ẹṣin inú òkun sọ lórúkọ, nítorí ìrísí rẹ̀. Arantius, ará Ítálì, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1587. Ká pè é ní ẹṣin-òkun? Ta ló rí ẹṣin-òkun rí ní Ògbómọ̀ṣọ́? "Ibùdó ìrántí" ni àwọn mìíràn á mú, irọ́ sì ni. Ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1953, dókítà William Scoville yọ púpọ̀ nínú rẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì ọpọlọ Henry Molaison kí wárápá lè rọlẹ̀. Ọkùnrin náà ṣì rántí ìgbà èwe rẹ̀, àmọ́ láti ọjọ́ náà títí tó fi kú lọ́dún 2008, ẹni tó bá bá a sọ̀rọ̀ tó sì jáde lọ, àlejò tuntun ni bó bá padà wọlé. Bó bá jẹ́ ibùdó ni wọ́n yọ, ìgbà èwe ì bá ti bá a lọ. Ohun tó ń mú tuntun wọ iyè ni wọ́n yọ.

Iyè, kì í ṣe ìrántí. Ìrántí ni ohun tí ènìyàn rántí. Iyè ni agbára tó fi ń rántí. Yorùbá sì ti ní ìsọyè, oògùn tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ kí ohun tó kọ́ má bàa sọ nù. Láti ibẹ̀, asọyè kò jìnnà: ohun tó ń sọ iyè. Àwọn kan á ní ó súnmọ́ àsọyé jù, àwọn mìíràn á ní ó ń rùn bí àgbo. Ti àkọ́kọ́, àmì ohùn wà fún un. Ti ìkejì, oògùn ni gbogbo wa ń sọ, tí ẹnikẹ́ni ò sì béèrè bóyá inú ìkòkò ló ti jáde.

Ìdánwò iyè tí wọ́n ń ṣe ṣáájú iṣẹ́ abẹ rí orúkọ rẹ̀ látibẹ̀ náà. Àyẹ̀wò Wada, níbi tí wọ́n ti ń fi oògùn mú ìlàjì ọpọlọ sùn láti mọ apá tí ọ̀rọ̀ sísọ wà, kó máa jẹ́ orúkọ dókítà Juhn Wada lọ.

Ìwé tó kẹ́yìn, èyí tí aláìsàn ń fọwọ́ sí, wọ́n sábà ń pè é ní ìfọwọ́sí. Ìka lásán nìyẹn. Ìyọ̀ǹda lẹ́yìn àlàyé ló yẹ kó wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ohun tó ṣeé ṣe kó sọ nù lára iyè, àti ohun tí wọ́n ròyìn láti Kánádà lọ́dún 2001: ogójì ènìyàn ni wọ́n yàn fún iṣẹ́ abẹ, ogójì fún oògùn nìkan. Lẹ́yìn ọdún kan, wárápá tí kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ ohun tó ń lọ ti dáwọ́ dúró fún ìdá 58 nínú 100 àwọn ti àkọ́kọ́, àti ìdá 8 nínú 100 àwọn ti ìkejì. "Dáwọ́ dúró" ni ká kọ síbẹ̀. "Wò sàn" ti pọ̀ jù fún un, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń lo oògùn.