High-entropy alloy: pípọ̀ mẹ́táàlì kọ́ ló ń mú un le

Ẹ bi alágbẹ̀dẹ kankan ní Ayétòrò, yóò sọ fún yín: àdá tó bá le jù ń ṣẹ́ lára òkúta, èyí tó bá rọ̀ jù ń ká. Wàhálà kan náà ló ń dààmú àwọn onímọ̀ mẹ́táàlì káàkiri ayé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Federal Poly Ìlaròó, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Àdàlù mẹ́táàlì (kì í ṣe ti ẹ̀wà àti àgbàdo o) sábà máa ń ní ọ̀gá kan. Nínú idẹ, bàbà lọ̀gá, zinc ń tẹ̀lé e. Ní 2004, Jien-Wei Yeh ní Taiwan àti Brian Cantor ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kálukú lọ́tọ̀, gbé àdàlù tí kò lọ́gàá jáde. Yeh ní kó jẹ́ mẹ́táàlì márùn-ún ó kéré tán, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà láàárín 5 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó lókìkí jù ni ti Cantor: cobalt, chromium, irin, manganese àti nickel, ìwọ̀n kan náà.

Àwọn kan rò pé bí mẹ́táàlì bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe lágbára tó. Rárá o. Cantor po ogún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó jáde kàn ń ṣẹ́ ni.

Bí àwọn átọ́ọ̀mù ṣe tò, ìyẹn phase, ló ń pinnu. Ẹ wo bí àwọn ìyá wa ṣe ń to ọsàn jọ lẹ́bàá títì Ìdí-Ìrókò: ọsàn òkè ń jókòó sí àlàfo àárín àwọn ti ìsàlẹ̀. FCC nìyẹn. Ìpele rẹ̀ ń yọ̀ lórí ara wọn, nítorí náà ó ń ká, kì í tètè ṣẹ́. Ètò kejì, BCC, kò fún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn àdàlù wọ̀nyí, ó le ju FCC lọ, àmọ́ ó tètè ń ṣẹ́.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Ẹ mú cobalt, chromium, irin àti nickel: FCC ni. Ẹ wá máa fi aluminium kún un díẹ̀díẹ̀. Átọ́ọ̀mù aluminium tóbi ju tàwọn yòókù lọ, bí ìgbà tí a ti àgbọn bọ àárín ọsàn. Ìlà yóò wọ́, ìpele kò ní lè yọ̀ dáadáa mọ́, àdàlù náà yóò le. Tí ẹ bá fi kún un sí i, BCC yóò yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ FCC. Tó bá tún pọ̀ sí i, BCC á gba gbogbo ilé. Lójú tèmi, àárín yẹn, níbi táwọn méjèèjì ti jọ ń gbé, ni iṣẹ́ wà.

Ní 2014, wọ́n dán àdàlù Cantor wò nínú òtútù tó tó 196 nísàlẹ̀ òdo, níbi tí ọ̀pọ̀ irin ti ń fọ́ bí àwo. Ńṣe ló túbọ̀ lágbára, tó sì tún ń nà sí i kó tó já.

Àwọn tiwa náà ò gbẹ́yìn. Ní 2016, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Alaneme ti FUTA, Àkúrẹ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àgbéyẹ̀wò jáde lórí bí ìpòpọ̀ àti ìyípadà phase ṣe ń kan agbára àdàlù wọ̀nyí àti bí wọ́n ṣe ń dípẹtà.

Owó ni ìṣòro. Congo ni èyí tó pọ̀ jù nínú cobalt ayé ti ń wá, ó sì wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ olùwádìí fi ń gbìyànjú báyìí láti yọ ọ́ kúrò, kí wọ́n fi irin àti manganese dí àyè rẹ̀.