Àìtètè Mólè: Ìtàn Àyẹ̀wò Àrùn láti Yábàá dé Ìdí-Àràbà

Àwọn Yorùbá ìgbà àtijọ́ kò nílò yàrá àyẹ̀wò kí wọ́n tó mọ̀ pé ilẹ̀ gbígbóná ti wọ ìlú. Ṣànpọ̀nná a máa fi ara rẹ̀ hàn lójú awọ ẹni tí ó bá mú. Àgbà tí ó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní ṣì í mọ̀ mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìdí tí ayé fi rí àrùn náà lé lọ nìyí, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde òpin rẹ̀ ní ọdún 1980: ojú lásán tó láti dá a mọ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo àrùn kọ́ ni í fi ara hàn bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ibà, ni èdè Yorùbá fi ń pe ọ̀pọ̀ àìsàn tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ bákan náà: ara gbígbóná, orí fífọ́, òtútù, èébì. Màlérià wà nínú wọn, ibà pọ́njú wà nínú wọn, ibà Lassa wà nínú wọn. Ẹ̀bólà pàápàá a máa wọlé bí ibà lásán. Ní ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, kò sí ojú tí ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn àgbà ní, àìtètè mólè, olè ń mú olóko. Bí a kò bá tètè dá àrùn mọ̀, àrùn ni yóò dá ìlú mọ̀. Ìtàn bí ọmọ ènìyàn ṣe wá ọ̀nà láti tètè mólè yìí gba ilẹ̀ Nàìjíríà kọjá, ó sì gba ẹ̀mí.

Ní ọdún 1925, Àjọ Rockefeller ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà rán àwọn onímọ̀ wá sí Èkó láti wádìí ibà pọ́njú. Yábàá ni wọ́n kọ́ yàrá àyẹ̀wò wọn sí. Kò sí ọ̀nà tí ó dájú nígbà náà láti fi sọ pé ibà pọ́njú gan-an ni ó ń ṣe aláìsàn tí ó dùbúlẹ̀ níwájú wọn. Hideyo Noguchi, gbajúmọ̀ onímọ̀ kan, ti sọ ṣáájú pé òun rí kòkòrò tí ó ń fà á lára àwọn aláìsàn ní Ecuador. Àwọn ará Yábàá wá kòkòrò náà títí lára àwọn aláìsàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọn kò rí i. Ohun tí ó ń fa àrùn náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí awò ìgbà náà kò lè fi í hàn.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi, ní Kpeve, ní ilẹ̀ tí ó di ara Gánà lẹ́yìn náà. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ náà sí ara ọ̀bọ kan tí a kó wá láti Éṣíà. Ọ̀bọ náà kú, Asibi yè. Láti ìgbà náà ni ọ̀bọ ti di ẹlẹ́rìí fún dókítà. Ẹ̀rí náà dájú, ṣùgbọ́n ó lọ́ra, ó sì léwu. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà, kó ibà pọ́njú, ó sì kú ní Èkó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà. Noguchi wá sí Accra láti tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ yẹ̀ wò; àrùn kan náà pa á ní oṣù Karùn-ún ọdún 1928. Láti inú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú tí a ń gún títí di òní ti ṣẹ̀.

Ní ọdún 1969, nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì kan ṣàìsàn ní ìlú Lassa, ní àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Wọ́n gbé e lọ sí Jọ́ọ̀sì, ó sì kú níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú rẹ̀ náà kú. Àrùn mú ẹnì kẹta, wọ́n sì gbé e lọ sí New York, ó sì yè. Yunifásítì Yale ni a ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ibẹ̀ ni a sì ti mọ̀ pé àrùn tuntun ni. Ìmọ̀ yìí náà ní iye tí ó ná wọn. Àrùn náà mú Jordi Casals, onímọ̀ tí ó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò. Omi inú ẹ̀jẹ̀ nọ́ọ̀sì tí ó yè ni wọ́n fà sí i lára tí ara rẹ̀ fi yá. Juan Roman, òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ní Yale, kò rí irú ìgbàlà bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, àrùn náà tún bẹ́ sílẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì, ó sì pa Dókítà Jeanette Troup tí ó ti tọ́jú àwọn ti ìṣáájú. Aláìsàn wà ní Jọ́ọ̀sì; ìdáhùn wà ní òkè òkun.

Ohun tí irú ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ lè fà hàn gbangba ní Guinea. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013 ni Ẹ̀bólà bẹ̀rẹ̀ ní abúlé Meliandou. Àwọn kan rò pé onígbáméjì ni, àwọn kan rò pé Lassa ni. Oṣù Kẹta ọdún 2014 ni àyẹ̀wò tí a ṣe ní ilẹ̀ Faransé tó fi orúkọ rẹ̀ hàn. Nínú oṣù mẹ́ta yẹn, olè ti wọ oko, ó sì ti kọjá sí oko ẹlòmíràn. Kí ó tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọdún 2016, ó ti mú ènìyàn tí ó ju 28,600 lọ, pàápàá ní Guinea, Làìbéríà àti Sierra Leone, ó sì ti pa èyí tí ó ju 11,300 lọ.

Ní ogúnjọ́ oṣù Keje ọdún 2014, ọkùnrin kan tí ó ti Làìbéríà bọ̀ ṣubú lulẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Èkó. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ọbaléńdé. Ó ní ibà ni ó ń ṣe òun, ṣùgbọ́n oògùn ibà kò ràn án lọ́wọ́. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh fura. Ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún Ẹ̀bólà, ó sì kọ̀ láti jẹ́ kí ó jáde kí èsì tó dé, bí àwọn kan tilẹ̀ ń rọ̀ ọ́ pé kí ó jẹ́ kí ọkùnrin náà máa lọ. Ní yàrá àyẹ̀wò Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà ni èsì àkọ́kọ́ ti jáde. Yàrá àyẹ̀wò ní Dakar sì fi òǹtẹ̀ lù ú. Ìwọ̀n ọjọ́ díẹ̀ ni Èkó fi mọ ohun tí ó gba Guinea ní oṣù mẹ́ta.

Iṣẹ́ tí ó tẹ̀lé e kọ́ni pé àyẹ̀wò ní ètò tirẹ̀. Àwọn ènìyàn 894 ni a kọ orúkọ wọn sílẹ̀ pé wọ́n ti súnmọ́ àwọn aláìsàn. Kì í ṣe pé a sáré gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn. Ẹ̀bólà kì í sábà hàn nínú ẹ̀jẹ̀ kí àìsàn tó bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ran ẹlòmíràn kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Èsì “kò ní” tí a bá fún ẹni tí ara rẹ̀ ṣì le lè tan òun àti ará ilé rẹ̀ jẹ. Nítorí náà, a ń ṣọ́ wọn fún ọjọ́ 21, a ń wo bí ara wọn ṣe gbóná sí. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná ni a ń yẹ̀ wò. Bí èsì bá sì sọ pé kò ní láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ àìsàn, a ní láti tún un ṣe. Ẹnì kan ṣoṣo tí ó yọ́ kúrò lábẹ́ ìṣọ́ yìí gbé àrùn náà dé Port Harcourt, ó sì pa dókítà tí ó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀.

Ogún ènìyàn ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ nínú wọn ni ó kú. Dókítà Adadevoh wà lára wọn. Ó kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí a fi mú olè kan lè má tó láti mú òmíràn. Nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn ní oṣù Kejì ọdún 2020 pé kòrónà ti dé Èkó, ètò Ẹ̀bólà nìkan kò tó mọ́, nítorí pé kòrónà a máa ran ènìyàn kí ẹni tí ó gbé e tó mọ̀ pé òun ń ṣàìsàn. Dídúró de ara gbígbóná ti pẹ́ jù. Láìpẹ́, àyẹ̀wò kíákíá tí kò múná tó ti yàrá àyẹ̀wò ńlá wá wúlò, nítorí pé èsì tí ó dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ lè dá ènìyàn dúró sílé, nígbà tí èsì tí ó péye jù bá ṣì wà lọ́nà.

Ìtàn yìí fi hàn pé ìbéèrè mẹ́ta ni ìlú gbọ́dọ̀ dáhùn kí àrùn tó dé: ta ni a óò yẹ̀ wò, ìgbà wo ni a óò yẹ̀ ẹ́ wò, àti pé níbo ni èsì yóò ti jáde? Owó àti ẹ̀rọ lè dáhùn ìbéèrè kẹta. Ìwà àrùn fúnra rẹ̀ ni yóò dáhùn méjì àkọ́kọ́. Síbẹ̀, ohun kan ṣáájú gbogbo wọn. Yàrá àyẹ̀wò Ìdí-Àràbà kò lè yẹ ẹ̀jẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbà wò. Ìfura dókítà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ni ó gbé ẹ̀jẹ̀ náà débẹ̀, òun ni ó sì fi ẹ̀mí rẹ̀ san owó rẹ̀.